Ìgò Búbọ́n Mẹ́ta Tí Wọ́n Fi Pè Mí Lólè

Ẹ kú ilé o ní Kambolé, Bàbá mi. Ẹ kú oko, ẹ kú ìnáwó ilé, ẹ kú ìrora ẹsẹ̀ tí Ìyá sọ pé ó tún ti ń yọ yín lẹ́nu. Kí n tó mú bírò ni mo ti kúnlẹ̀ lórí ẹní níhìn-ín ní Sokodé, kí ẹ má baà sọ pé ọmọ yín ti gbàgbé bí a ṣe ń kí àgbà. Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú èéfín. Ìyá Àgbà, mo mọ̀ pé ẹ ti ń béèrè pé ìwé ta ni wọ́n ń kà. Ràfíátù yín ni, èyí tí ẹ máa ń sọ pé ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Lámídì àbúrò mi, mo kí ọ àti ìyàwó rẹ. Bàbá Sàlíù, ẹ̀yin àbúrò bàbá mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Orúkọ yín máa jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán kí ẹ tó bínú.

Bàbá, ẹ máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè yín lórí tẹlifóònù, tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé wa síta, kí wọ́n kà á lórí rédíò fún gbogbo ẹni tó gbọ́ èdè wa láti Kambolé títí dé ìhà Bẹ̀nẹ̀. Mo pè yín lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni ẹ gbé tẹlifóònù fún Ìyá, tí Ìyá sì ń sunkún sí mi létí. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ mi náà kò sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níwájú mọ́sálásí, ni wọ́n ti ń wí pé ọmọ Múmúnì ti di ọ̀mùtí ní Sokodé, pé ó jí ọtí ọ̀gá rẹ̀ mu, ó da omi dípò rẹ̀, wọ́n sì lé e jáde bí ajá. Níta gbangba ni wọ́n ti bà mí lórúkọ jẹ́, níta gbangba náà ni mo ti máa dáhùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ò ní dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílé Pápá Kọ́kú. Ará Atakpamé ni, ó sì ti dàgbà gan-an. Kúùkù inú ọkọ̀ ojú omi ni lọ́jọ́ èwe rẹ̀; ó ti dáná lórí òkun dé Faransé, ó dé Amẹ́ríkà. Ọmọ Kotokólì ará Sokodé níbí ló fẹ́, ìdí nìyẹn tó fi kọ́lé síhìn-ín nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó náà ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, Lomé ló ń gbé. Èmi ni mò ń gbálẹ̀, tí mò ń dáná, tí mò ń fọṣọ, tí mò ń di ọwọ́ Pápá mú tó bá fẹ́ jókòó níta. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo máa ń sọdá sí ṣọ́ọ̀bù Kòmlá, aránṣọ tó kọjú sí ilé Pápá, tí mò ń kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Owó tí mo bá gbà lọ́dọ̀ Pápá ni mo fi ń san owó ẹ̀kọ́ṣẹ́ fún Kòmlá. Bí iṣẹ́ kan bá bọ́, méjèèjì ló bọ́ yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé kò mọ bí ìlú onílùú ṣe ń rí. Nínú ọjà, èdè Tẹ́m tí àwọn Kotokólì ń sọ ni mo fi ń ka owó. Lọ́dọ̀ àwọn alálùbọ́sà, Haúsá díẹ̀díẹ̀. Níbi tí ìwé bá ti wọ̀ ọ́, Faransé. Ọjọ́ mẹ́ta lè kọjá láìsí ẹni tí yóò fi èdè wa pe orúkọ mi. Ṣùgbọ́n Ifẹ̀ tí àwọn ará Atakpamé ń sọ kò jìnnà sí tiwa. Bí Pápá bá rọra sọ ọ́, mo gbọ́ ọ délẹ̀. Ó máa ń kí mi lówùúrọ̀ bíi pé òun ló bí mi. Mò ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó padà pè mí lólè kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò lè dùn mí.

Ní báyìí, ọtí náà. Alaalẹ́, tí Pápá bá jẹun tán, ó máa ń mu ìwọ̀n ìka kan nínú ife kékeré. Kì í kún ife, kì í tún un bù. Búbọ́n ló ń pè é, wisikí àwọn ará Amẹ́ríkà. Bàbá, àgbàdo ni wọ́n fi ń ṣe é, àgbàdo bí èyí tó wà nínú àká yín! Nígbà tó kọ́kọ́ sọ fún mi, mo rò pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ó ní òórùn rẹ̀ dà bí ṣúgà tó jóná díẹ̀ pẹ̀lú pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìyàwó rẹ̀, Mùsùlùmí ni, kò fi kan ẹnu rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí Pápá bá ti bu ìka kan yẹn tán, obìnrin náà á gba ife, á gbóòórùn rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á sì dá a padà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbogbo ọdún tí wọ́n fi jọ gbé. Pápá ní tóun bá gbé ife yẹn sí imú, ó ń ṣe òun bíi pé obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e sílẹ̀ ni.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Àlùfáà ti wàásù rẹ̀ fún wa láti kékeré, pé ẹni tó mu ún, ẹni tó rà á, ẹni tó rù ú, gbogbo wọn ni wọ́n jọ jẹ̀bi. N kò ní purọ́ fún yín. Mo rà á. Mo rù ú. Nígbà tí ẹsẹ̀ Pápá kò gbé e dé ọjà mọ́, tó bẹ̀ mí, mo lọ. Ẹsẹ̀ ọkùnrin tó ti di bàbá fún mi ni mo di, n kò sì wò ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, èmi àti Ẹlẹ́dàá mi ló wà láàárín rẹ̀, Òun ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀, kì í ṣe àwọn tó ń wọ bàtà lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí. Ṣùgbọ́n pé mo mu ún? Pé mo jí i? Irọ́ ni. Títí di òní yìí, n kò mọ bó ṣe ń ṣe lẹ́nu.

Ọyẹ́ ọdún yìí mú gan-an níbí. Láàárọ̀, ètè á là, eruku á bo ojú ọ̀run débi pé a kì í rí òkè tó yí ìlú ká. Inú ọyẹ́ yẹn ni ibà àti ọ̀fìnkìn dá Pápá dùbúlẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń fún un ní omi gbígbóná àti ẹ̀kọ. Nígbà tó dìde, ó rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè ni ìka kan rẹ̀. Ìgò tó wà nílé ti tán. Ó rán mi lọ sọ́jà.

Mo lọ sí bùtíkì ńlá kan, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọjà òyìnbó, mo rà á. Mo wo ìdérí rẹ̀ pé wọn kò tíì ṣí i. Nígbà tí Pápá fi kan ẹnu, ó gbé ife sílẹ̀, ó wò mí, ó ní omi nìyí. Ó ní ó ń ta ahọ́n lóòótọ́, ó ń jó ọ̀fun, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń mu omi gbígbóná lásán. Ó ní àwọn oníbùtíkì ti lù mí ní jìbìtì, pé wọ́n rí i pé ọmọ oko ni mí. Ojú tì mí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo ní màá wá ojúlówó fún un.

Ìgbà yẹn ni mo pè yín, Bàbá Sàlíù, nítorí mo mọ̀ pé ẹ̀yin tí ẹ ń ná ọjà Bẹ̀nẹ̀ mọ àwọn tó ń ta ọjà tó dára. Ẹ ò fẹ́. Ẹ ní kí n má fa orúkọ yín sínú ọ̀rọ̀ ọtí. Mo bẹ̀ yín, mo ní arúgbó kan tí kò ní ẹnìkan nítòsí ló fẹ́ ẹ. Nígbà tó yá, ẹ rí i rà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ mọ̀, ẹ wé e sínú àpò àgbàdo, ẹ fi í rán awakọ̀ tó ń bọ̀ láti Tchamba. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nígbà yẹn, mo sì tún ń dúpẹ́ báyìí níwájú gbogbo ayé.

Pápá ṣí i fúnra rẹ̀. Ó mu ún. Ó ní èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó bi mí pé ta ló rà á, mo ní àbúrò bàbá mi ni. Ó ní nígbà náà, gbájúẹ̀ ni àbúrò bàbá mi. Mo sọ fún un pé ẹ̀yin ará Kambolé kì í ṣe gbájúẹ̀, pé bí kò bá fẹ́ ọtí náà kó dà á nù, kó má bú ìdílé mi. Èmi tí mò ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbé ohùn sókè sí i.

Ìgò kẹta kò ti ọwọ́ mi wá rárá. Pápá pe ọmọ rẹ̀ ní Lomé, ó ní òun ń kú lọ lọ́wọ́ àwọn oníjìbìtì. Ọmọ náà fi ìgò kan tó gbówó lórí ránṣẹ́ nínú mọ́tò. Èmi ni mo gbà á ní ibùdókọ̀, mo gbé e délé, mo gbé e sórí tábìlì rẹ̀ bí mo ṣe gbà á. Pápá kò mu ún lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí ó di ọjọ́ Àìkú, nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ òun bá wá.

Ọjọ́ Àìkú pé. Kòmlá aránṣọ wà níbẹ̀, àwọn àgbà àdúgbò mẹ́ta wà níbẹ̀, gbogbo wọn jókòó lábẹ́ igi máńgò iwájú ilé. Pápá fi ayọ̀ ṣí ìgò náà. Ó kọ́kọ́ gbé ife sí imú. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ó tún gbóòórùn rẹ̀. Ó mu ún, ó gbé e mì, ó sì gbé ife sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó gbọ́ ìròyìn ikú. Lẹ́yìn náà ló wá nàka sí mi. Ó ní ọmọ òun kò lè fi omi ránṣẹ́ sí òun láti Lomé. Ó ní ọwọ́ kan ṣoṣo ni ìgò yìí gbà kọjá, ọwọ́ kan náà ni ìgò méjì ìṣáájú gbà kọjá. Ó ní òun ti jẹ́ kí olè máa dáná fún òun. Ó ní kí n kó ẹrù mi.

Mo dúró níbẹ̀, Bàbá. Mo ní n kò mu ún, n kò ṣí i, kí wọ́n gbóòórùn ẹnu mi. Kòmlá bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, pé òun náà fi kan ẹnu, pé ọtí náà dára lẹ́nu òun. Pápá ní Kòmlá, ìwọ tí o máa yin kẹrosíìnì bí wọ́n bá bù ú fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́! Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù. Mo kó ẹrù mi, mo gba àárín wọn kọjá, n kò sì sunkún títí mo fi dé Komah.

Ní Komah, àdúgbò kan ní Sokodé níbí, ni Mémúná ọ̀rẹ́ mi ń gbé, ọmọ ìlú Bago tó ń ta ẹja gbígbẹ. Yàrá rẹ̀ kéré, síbẹ̀ ó ní kí n wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé mò ń sùn káàkiri, ẹ gbọ́: ẹ̀gbẹ́ Mémúná ni mo sùn sí, lórí ẹní, ogiri mọ́sálásí sì sún mọ́ wa débi pé ìpè ìrun Àsùbá máa ń jí wa bí ẹni pé inú yàrá ni wọ́n ti ń pè é.

Níbẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹ rán sí mi ti bá mi. Awakọ̀ kan láti Sokodé ti gbé ìròyìn náà dé Kambolé, Bàbá Sàlíù ti gbọ́ pé wọ́n pe òun ní gbájúẹ̀, ó ti bínú wá bá yín. Ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé kí oṣù ààwẹ̀ tó wọlé. Ẹ ní ọkùnrin àgbẹ̀ kan ní Bago ṣì fẹ́ mi, kí n tètè gbà kó tó gbọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Tótó ó ṣe bí òwe o, Bàbá: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ènìyàn ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin kì í ṣe òṣìkà. Ṣùgbọ́n ẹ dá ẹjọ́ mi láìgbọ́ tẹnu mi.

Nílé Mémúná ni ọ̀fìnkìn ti mú èmi náà. Lọ́jọ́ kẹta, Mémúná fi ẹja tó dára jù nínú igbá rẹ̀ se ọbẹ̀ fún mi, kí ara mi lè yá. Mo bu òkèlè kan, mo fi sẹ́nu, mo sì fẹ́ bi í pé ṣé ó gbàgbé ata àti ẹja ni. N kò gbọ́ òórùn tàbí adùn kankan. Ó gbóná, ó ń ta díẹ̀, ó tán. Mémúná ń wo ojú mi, ó ń retí kí n yìn ín. Mo wá rántí ojú Pápá lábẹ́ igi máńgò. Ó ń ta ahọ́n, ó ń jó ọ̀fun, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi dúró lórí abọ́.

Bí mo ṣe jókòó yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń bọ̀ wá sí mi lọ́kàn. Láti ìgbà tó ti dìde lórí àìsàn, Pápá ti ń bu iyọ̀ sínú oúnjẹ tí mo ti fi iyọ̀ sí. Ó ń sọ pé ọwọ́ mi ti yí padà, pé n kò mọ ọbẹ̀ í sè mọ́. Lọ́jọ́ kan, ẹ̀wà jóná sórí iná nígbà tí mo wà lẹ́yìn ilé. Pápá jókòó sítòsí ìkòkò náà, èéfín ń rú, kò pè mí. Ó ní òun kò gbóòórùn kankan. Mo rò pé oorun ló gbé e lọ. Ọ̀fìnkìn tèmi lọ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọbẹ̀ Mémúná sì padà sí adùn rẹ̀. Mo wá mọ̀ pé ti Pápá kò padà.

Mémúná ní kí n fi sílẹ̀. Ó ní arúgbó ti lé mi, kí n wá iṣẹ́ mìíràn. Mo ní rárá. Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, mo lè rí òmíràn. Orúkọ ni mo fẹ́ gbà padà, ibi tó sì ti bọ́ ni mo ti máa gbà á.

Mo dúró de ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà yóò wà lábẹ́ igi. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ tí mo rán fúnra mi, mo lọ. Nígbà tí Pápá rí mi, ó ní kí ni mo gbàgbé. Mo kúnlẹ̀, mo kí gbogbo wọn, mo sì dìde. Mo ní mo wá bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan kan ṣoṣo, lẹ́yìn rẹ̀ n kò ní yọ ọ́ lẹ́nu mọ́. Mo ní kí Kòmlá lọ sẹ́yìn ilé, kó bu omi sí ife méjì, kó po iyọ̀ púpọ̀ sínú ọ̀kan, kí èmi má fọwọ́ kàn án. Mo ní kí Pápá di ojú, kó mu díẹ̀ nínú méjèèjì, kó sọ èyí tó ní iyọ̀.

Ó ní ìwọ̀sí ni. Àgbà kan nínú wọn ló sọ fún un pé kí ló lè ṣe é nínú omi, kó mu ún kí ọmọ náà lè máa lọ. Ó di ojú. Ó mu àkọ́kọ́, ó mu èkejì. Ó tún mu àkọ́kọ́. Ó ní ẹ̀tàn ni, pé omi lásán ni méjèèjì, pé Kòmlá kò fi iyọ̀ sí nǹkan kan. Kòmlá gba ife kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sẹ́nu, ó sì tu ú sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àgbà yẹn náà tọ́ ọ wò, ó yí ojú pọ̀, ó gbé ife náà sílẹ̀. Mo ní kí Pápá má tíì la ojú, mo wọ ilé ìdáná, mo mú àlùbọ́sà kan, mo là á sí méjì, mo gbé e sábẹ́ imú Pápá níbi tó ti di ojú. Omi ń dà lójú Kòmlá tó dúró lókèèrè. Pápá bi mí pé kí ni mo gbé dání.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Pápá la ojú, ó rí àlùbọ́sà. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó gbé e mọ́ imú fúnra rẹ̀, ó fà á gan-an, ó tún fà á. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Bàbá, mo ti rò pé inú mi máa dùn. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ sílẹ̀ láti Komah, mo ti há a sórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i tó di àlùbọ́sà mú bẹ́ẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ní Ifẹ̀, tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ló gbọ́ ọ, pé òun rò pé àwọn ènìyàn ló ń jí òórùn ife yẹn lọ́wọ́ òun, pé bó bá jẹ́ olè ni, ìrètí ì bá ṣì wà.

Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Nọ́ọ̀sì ní ọ̀fìnkìn líle lè pa imú, ó sì lè pa ahọ́n mọ́ ọn, pé imú ló ń ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú ohun tí a ń pè ní adùn, àti pé ó lè padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ó sì lè má padà. Kò ṣèlérí fún un.

Pápá ní kí n padà wá. Mo ní màá wá bó bá ṣe ohun mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ máa sọ pé ta ni mí tí mo fi ń lànà fún àgbà, ẹ jẹ́ kí n wí. Èkíní, mo ní kó pe gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó pè mí lólè, kó sọ níwájú wọn pé n kì í ṣe olè. Ó ṣe é. Ó dìde dúró lórí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ó sọ ọ́ ní Faransé kí gbogbo wọn lè gbọ́, ó sì tún un sọ ní Tẹ́m. Èkejì, mo ní kó pe Bàbá Sàlíù lórí tẹlifóònù, kó bẹ̀ ẹ́. Ó ṣe é, èmi ni mo di tẹlifóònù mú. Bàbá Sàlíù, ẹ mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ; ẹ ní ẹ ti gbọ́. Kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ níwájú mọ́sálásí bí ẹ ṣe sọ ti àkọ́kọ́? Ọjà tí ẹ rà dára, orúkọ yín mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí tèmi náà mọ́.

Ẹ̀kẹta, mo sọ fún un pé n kò ní ra ọtí fún un mọ́. Kì í ṣe nítorí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ mi. Mo ní ohun tí n kò lè tọ́ wò, n kò lè ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀; ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé kò dára, n kò ní ẹnu tí màá fi dá a lóhùn. Pápá ní òun náà kò ní nǹkan tí òun fẹ́ fi ṣe mọ́. Ó pe Kòmlá, ó kó ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún un. Kòmlá ní gbogbo wọn ló dùn, ó sì ní ti Kambolé ló dùn jù.

Ní báyìí, tí mo bá gbé oúnjẹ síwájú Pápá, ó máa ń sọ pé kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún òun. Èmi á tọ́ ọ wò, màá sọ pé ata rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, pé irú inú rẹ̀ pọ̀, pé iṣu yìí dùn, pé ó jọ èyí tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ tuntun. Ó máa ń di ojú tó bá ń gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn ó máa sọ pé rárá, o kò tíì sọ ọ́ dáadáa, tún un tọ́ wò. Olè kọ́ ni ẹni tí wọ́n ń fi ahọ́n rẹ̀ jẹun, Bàbá.

Ní ti wíwálé tí ẹ ní kí n wá: n kò ní wá bí ẹni tí wọ́n lé. Iṣẹ́ ìránṣọ mi ku díẹ̀ kó parí, Kòmlá sì ti ní kí n máa gé aṣọ àwọn oníbàárà fúnra mi. Ní ti ọkùnrin Bago, n kò mọ̀ ọ́n, n kò sì bá a jà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé nítorí orúkọ mi bàjẹ́ ni ẹ ṣe ń kánjú fà mí fún un, ẹ sọ fún un pé kó jókòó. N kì í ṣe iṣu tó kù lọ́jà nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń ta ní ọ̀pọ̀ kó má baà sùn sọ́jà. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ lọ́kọ, èmi ni màá kọ́kọ́ sọ fún yín, tayọ̀tayọ̀.

Màá wá fún ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ọ̀sán gangan ni màá dé, nígbà tí gbogbo ènìyàn wà níta. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó jáde wá bi mí lójú mi, níwájú yín. Màá dá a lóhùn. Bàbá, gbogbo ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé, lọ́jọ́ yẹn, kí ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi. Bí ẹ kò bá lè jókòó, màá ṣì wá.

Kí Ọlọ́run fún ẹsẹ̀ yín ní ìlera. Kí òjò ọdún yìí rọ̀ lásìkò, kí iṣu ta, kí ẹyẹ má rí àgbàdo yín jẹ. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí Ìyá Àgbà sí, kí ó nu omijé Ìyá mi nù, kí ó fi ọmọ tó dára jíǹkí ìyàwó Lámídì. Mo kí gbogbo ará ilé àti ará àdúgbò, mo kí Àlùfáà, mo kí àwọn ìyá tó ń pọnmi lódò. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ìrun, mo kí ẹ̀yin náà. Ẹ ti gbọ́ tẹnu mi báyìí.

Èmi ni ọmọ yín tí kò jalè, tí kò mutí, tí kò sì ní sá fún ẹnikẹ́ni,

Ràfíátù, ọmọ yín.